Ẹnubodè Nìkan Kọ́: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Mólékù Ìlẹ̀mọ́ra Nínú Ààbò Ara àti Nínú Àrùn Ìgbógun-ti-ara-ẹni

Láàrin àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ nípa ààbò ara ṣì ń jiyàn lé lórí, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ìdáhùn wọn pọ̀ tí ó sì ta ko ara wọn tó ti èyí tí ó dá lórí ipa tí mólékù ìlẹ̀mọ́ra ń kó nígbà tí ara ènìyàn bá dojú ìjà kọ ara rẹ̀. Mólékù ìlẹ̀mọ́ra ni àwọn èròjà purotéènì tí ó wà lójú awọ sẹ́ẹ̀lì, tí sẹ́ẹ̀lì kan fi ń di òmíràn mú tàbí tí ó fi ń rọ̀ mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀. Àrùn ìgbógun-ti-ara-ẹni ni èyí tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó yẹ kí ó máa lé kòkòrò àrùn jáde yóò ti yíjú padà, tí wọn yóò máa kọlu oríkèé, awọ ara, kíndìnrín tàbí ọpọlọ ẹni tí ó ni wọ́n. Lára irú àrùn bẹ́ẹ̀ ni lupus, tí ó lè mú ẹ̀yà ara púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, làkúrègbé tí ń mú oríkèé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wú, pemphigus tí ń mú kí awọ ara lé ròrò, àti multiple sclerosis tí ń jẹ èèpo ara àwọn iṣan ọpọlọ.

Ẹni tí ó ń gbé ní Ojú Ore ní Ọ̀tà, Ìpínlẹ̀ Ògùn, lójú ọ̀nà tí ó ti Sango lọ sí Ìdí-Ìrókò, lè rò pé ọ̀rọ̀ ilé àyẹ̀wò òkèèrè ni èyí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri ní gbogbo agbègbè Ọ̀tà máa ń lo ọ̀kan nínú àwọn mólékù wọ̀nyí láti fi rọ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ. Oògùn prednisolone tí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ń rà ní kẹ́míìsì nítorí orúnkún dídùn máa ń dín iye wọn kù lára ògiri iṣan. Bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè ńlá kan tí ó ti Ìbàdàn jáde ní ọdún 1968, èyí tí ó ń wá ìdí tí àrùn ìgbógun-ti-ara-ẹni fi dà bí ohun tí kò wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, kò lè rí ìdáhùn kíkún láìjẹ́ pé iṣẹ́ wọn yé àwọn olùwádìí.

Ìdílé mẹ́rin àti ìrìn sẹ́ẹ̀lì funfun

Ìdílé mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń pín wọn sí. Selectin ni ó máa ń di ṣúgà ara sẹ́ẹ̀lì mú fẹ́ẹ́rẹ́, tí ìdìmú rẹ̀ kì í sì í pẹ́ já. Integrin jẹ́ purotéènì ẹlẹ́ka méjì, tí ó lè ká kò tàbí kí ó nà gẹ́gẹ́ bí àṣẹ tí ó bá gbà láti inú sẹ́ẹ̀lì tí ó gbé e. Ìdílé kẹta jọ áńtíbọ́dì ní ìrísí, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ara fi ń dá àjèjì mọ̀ tí ó sì fi ń so mọ́ ọn. Inú ìdílé yìí ni ICAM-1 àti VCAM-1 wà, tí wọ́n ń dúró de integrin lára ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀. Cadherin ni ìdílé tí ó kù. Òun ni ó so àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ ara pọ̀ mọ́ ara wọn, kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí èròjà kálísíọ̀mù.

Ìrìn tí sẹ́ẹ̀lì funfun ń rìn láti inú ẹ̀jẹ̀ dé ojú ọgbẹ́ ni ó fi iṣẹ́ wọn hàn jù. Bí ẹ̀gún bá gún ènìyàn lẹ́sẹ̀, awọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nítòsí ibẹ̀ á gbé selectin jáde sójú. Sẹ́ẹ̀lì funfun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé sáré kọjá á fara kàn án, eré rẹ̀ á dínkù, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbirigbiri lára ògiri náà. Èròjà tí wọ́n ń pè ní chemokine, tí ojú ọgbẹ́ ń tú síta, á mú kí integrin ara sẹ́ẹ̀lì náà nà, LFA-1 á gán ICAM-1 mú, VLA-4 á gán VCAM-1 mú, sẹ́ẹ̀lì á dúró gbọn-in, á tẹ́ pẹrẹsẹ, á sì fún ara rẹ̀ gba àárín sẹ́ẹ̀lì méjì kọjá bọ́ sínú ẹran ara.

Ẹ̀rí tí ó le jù lọ pé ìrìn yìí ṣe pàtàkì wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù nínú jíìnì ITGB2, èyí tí ń ṣe apá kan nínú LFA-1 àti àwọn ìbátan rẹ̀. Ìwọ́ wọn kì í tètè já bọ́ gẹ́gẹ́ bí ti ọmọ tuntun yòókù. Ọgbẹ́ wọn kì í ní ọyún, èrìgì wọn a sì máa jẹrà, bẹ́ẹ̀ bí dókítà bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, yóò rí i pé sẹ́ẹ̀lì funfun kún inú rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí pé àwọn ọmọ ogun náà wà níbẹ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n wọn kò lè jáde kúrò nínú iṣan. Kò sí ẹni tí ó ń jiyàn nípa apá yìí. Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kúrò lórí ọgbẹ́ tí ó sì dé orí àrùn.

Àwọn tí ó gbà pé ẹnubodè ni

Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ nínú àwọn onímọ̀, tí ó tún jẹ́ ẹgbẹ́ tí ohùn rẹ̀ lọ sókè jù, gbà pé mólékù ìlẹ̀mọ́ra jẹ́ ẹnubodè tí sẹ́ẹ̀lì tí ó ti yapa ń gbà wọ inú ẹ̀yà ara tí ó fẹ́ bàjẹ́, àti pé bí wọ́n bá ti ẹnubodè náà pa, àrùn náà á rọlẹ̀ bí sẹ́ẹ̀lì náà kò tilẹ̀ yí ìwà padà. Ní ọdún 1992 ni Yednock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé áńtíbọ́dì tí ó dí VLA-4 kò jẹ́ kí eku tí wọ́n fi àrùn irú ti multiple sclerosis ṣe ní àmì àrùn náà. Láti inú ìmọ̀ yẹn ni oògùn natalizumab ti jáde, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá ọdún 2004. Nínú ìwádìí ọlọ́dún méjì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2006, oògùn náà dín iye ìgbà tí multiple sclerosis ń dìde padà kù ní ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún. Díẹ̀ ni oògùn tí ó ti irú èrò tí ó rọrùn báyìí jáde tí ó sì ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ohun tí ó tẹ̀ lé e kò dùn mọ́ni. Ní oṣù kejì ọdún 2005 ni wọ́n kó natalizumab kúrò lọ́jà, nítorí pé àwọn kan tí wọ́n fún ní oògùn náà ní àrùn PML, àrùn ọpọlọ tí ó lè pani, tí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì JC ń fà. Fáírọ́ọ̀sì yìí wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn láìṣe wọ́n ní nǹkan kan, nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí ń wọlé jáde nínú ọpọlọ ń ṣọ́ ọ. Oògùn tí ó dá àwọn tí ń ba nǹkan jẹ́ dúró ti dá àwọn ẹ̀ṣọ́ dúró pẹ̀lú wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2006 ni wọ́n dá natalizumab padà pẹ̀lú òfin líle nípa àyẹ̀wò àti ìṣọ́ra, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di òní.

Èsì tí ẹgbẹ́ yìí fọ̀ ni pé kí wọ́n yan ẹnubodè tí wọn yóò tì. Vedolizumab, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2014 fún àrùn ìfun bíi Crohn àti ulcerative colitis, kì í dí integrin gbogbo. Èyí tí sẹ́ẹ̀lì fi ń mọ ọ̀nà ìfun nìkan ni ó ń dí, nítorí náà ni PML kò fi jẹ́ ìṣòro rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ ti natalizumab. Lójú àgbéyẹ̀wò yìí, èyí ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù fún èrò ẹnubodè, nítorí pé ó fi hàn pé ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀. Ó tún fi àìlera èrò náà hàn: àrùn tí ó bá dúró sí ẹ̀yà ara kan ni ọgbọ́n yìí bá mu, kò sì tíì sí oògùn tí ń ti ẹnubodè kankan tí ó ṣe irú àṣeyọrí bẹ́ẹ̀ fún lupus, tí ń jà ní awọ, ní oríkèé, ní ẹ̀jẹ̀ àti ní kíndìnrín pọ̀.

Ìjákulẹ̀ enlimomab náà yẹ fún ìrántí. Áńtíbọ́dì eku ni, tí wọ́n ṣe láti fi dí ICAM-1. Nígbà tí wọ́n fi tọ́jú àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù, ìròyìn ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé ipò wọn burú ju ti àwọn tí kò gbà á lọ. Fún ẹni tí ó mọ àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS máa ń ní, ọ̀rọ̀ crizanlizumab tún sún mọ́ ilé jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àrùn náà kì í ṣe ìgbógun-ti-ara-ẹni. Oògùn yìí ń dí P-selectin, tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ fi ń lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan tí ìrora fi ń dé. Ìwádìí tí Ataga àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2017 fi hàn pé ìrora líle dé bá àwọn aláìsàn tí ó gbà á ní bíi ìgbà 1.63 lọ́dún, nígbà tí ó jẹ́ 2.98 lára àwọn tí kò gbà á, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní ọdún 2019, ṣùgbọ́n nígbà tí ìwádìí tí ó tóbi jù ú lọ kò rí ìyàtọ̀ láàrin rẹ̀ àti omi lásán, àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Yúróòpù gba ìwé àṣẹ rẹ̀ padà ní ọdún 2023. Ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì lè gbà lẹ̀ mọ́ ògiri ju ẹyọ kan lọ, bí wọ́n bá sì dí ọ̀kan, òmíràn lè ṣí.

Àwọn tí ó gbà pé àṣẹ ni ó ń gbé

Ẹgbẹ́ kejì kò kọ̀ pé ẹnubodè wà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ibẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ pàtàkì wà. Láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni àwọn onímọ̀ ti rí i, lábẹ́ ẹ̀rọ awò-ohun-kékeré, pé nígbà tí sẹ́ẹ̀lì T, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì funfun tí ń dá àjèjì mọ̀, bá fẹ́ gba ìròyìn lọ́wọ́ sẹ́ẹ̀lì mìíràn, LFA-1 àti ICAM-1 á tò yí ojú ibi tí àwọn méjèèjì ti fara kanra ká bí òrùka, ìròyìn náà á sì gba àárín kọjá. Bí òrùka yìí kò bá dúró pẹ́, sẹ́ẹ̀lì T kò ní jí. Nítorí náà, mólékù ìlẹ̀mọ́ra jẹ́ ara ìpinnu bóyá ìjà yóò bẹ̀rẹ̀, yàtọ̀ sí ibi tí ìjà yóò dé.

Efalizumab, tí ń dí LFA-1, ni oògùn tí ó bá èrò yìí mu. Wọ́n fọwọ́ sí i fún àrùn awọ psoriasis ní ọdún 2003, ó sì ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n PML tún yọjú, wọ́n sì kó o kúrò lọ́jà ní ọdún 2009. Àléébù èrò kejì ni pé ó ṣòro láti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára èrò àkọ́kọ́, nítorí pé mólékù kan náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, oògùn tí ó bá sì dí i ń dí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó ní efalizumab ṣiṣẹ́ nítorí pé sẹ́ẹ̀lì kò wọ awọ ara mọ́, àti ẹni tí ó ní ó ṣiṣẹ́ nítorí pé sẹ́ẹ̀lì kò jí, lè tọ́ka sí aláìsàn kan náà.

Ẹ̀rí ITGAM: nígbà tí àìlẹ̀mọ́ra ń fa àrùn

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú jù. Bí ó bá jẹ́ pé ìlẹ̀mọ́ra ni ó ń gbé àrùn wọlé, ó yẹ kí ẹni tí ìlẹ̀mọ́ra rẹ̀ kò dán mọ́rán bọ́ lọ́wọ́ lupus. Ní ọdún 2008, Nath àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ohun tí ó yàtọ̀ gédégédé: ìyípadà ẹyọ kan nínú jíìnì ITGAM, tí ń ṣe apá kan nínú integrin tí wọ́n ń pè ní Mac-1, wọ́pọ̀ lára àwọn tí ó ní lupus ju àwọn tí kò ní i lọ, yálà wọ́n jẹ́ ìran Yúróòpù tàbí ìran Áfíríkà ní Amẹ́ríkà. Àwọn ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e sì fi hàn pé ìyípadà náà ń dín agbára Mac-1 kù: kì í di ICAM-1 mú dáadáa, kì í sì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì gbé ìdọ̀tí tí áńtíbọ́dì ti sàmì sí mì bí ó ti yẹ.

Àlàyé tí ẹgbẹ́ kẹta fi lélẹ̀ ni pé Mac-1 ní iṣẹ́ ìdádúró. Ó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì funfun kó òkú sẹ́ẹ̀lì kúrò nílẹ̀ láìpariwo, ó sì ń pa ohùn àwọn èròjà tí ń pe ìwúlé rọlẹ̀, ìwúlé túmọ̀ sí pé ibì kan lára wú, ó pọ́n, ó sì gbóná. Bí iṣẹ́ yẹn bá mẹ́hẹ, òkú sẹ́ẹ̀lì á ṣẹ́kù nílẹ̀, DNA inú rẹ̀ á tú síta, ara á sì kọ́ bí a ti í ṣe áńtíbọ́dì tí ń gbógun ti DNA, èyí tí í ṣe àmì lupus gan-an. Lára eku, èròjà tí ó ń ta Mac-1 jí ti dín ìwúlé kù, èyí tí ó jẹ́ òdìkejì ọgbọ́n natalizumab: dípò kí wọ́n dí mólékù ìlẹ̀mọ́ra, wọ́n ń fún un lókun.

Agbára èrò yìí ni pé ara ènìyàn ni ẹ̀rí rẹ̀ ti wá, kì í ṣe láti ara eku nìkan, àti pé ó kan ìran Áfíríkà tààrà. Àìlera rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ní ìyípadà náà kì í ní lupus láé, àti pé àwọn ará Korea àti Japan, tí ìyípadà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lára wọn, ní lupus síbẹ̀. Ó ń dá kún ewu ni. Kì í ṣe òun nìkan ni ó fà á. Pẹ̀lú èyí náà, àgbéyẹ̀wò yìí kò rí ọ̀nà tí èrò ẹnubodè lè gbà ṣàlàyé ITGAM láìyí ara rẹ̀ padà, àwọn tí ó dì í mú kì í sì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ tó bí ó ti yẹ.

Nígbà tí mólékù náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun àfojúsùn

Ọ̀ràn pemphigus kúrú, ó sì ṣe kedere ju gbogbo ìyókù lọ. Ní ọdún 1991, Amagai àti Stanley fi hàn pé áńtíbọ́dì tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó ní pemphigus vulgaris ń gbógun ti cadherin kan tí ó so sẹ́ẹ̀lì awọ ara pọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní desmoglein 3. Bí áńtíbọ́dì bá ti di cadherin náà, àwọn sẹ́ẹ̀lì á tú kúrò lára ara wọn, omi á gba àárín wọn, ẹnu àti awọ aláìsàn á lé ròrò tí ó máa ń tètè bẹ́. Kò sí àríyànjiyàn nípa ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú awọ náà. Ohun tí ó kù ni ohun tí ó kọ́ ara láti ṣe áńtíbọ́dì yẹn. Ní àwọn abúlé kan ní Brazil, níbi tí irú pemphigus kan ti wọ́pọ̀, àwọn olùwádìí ń fura sí itọ́ eṣinṣin iyanrìn, pé àwọn èròjà inú rẹ̀ jọ desmoglein tó láti tan ara jẹ.

Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: àrùn tí ó ṣọ̀wọ́n tàbí àrùn tí kò hàn síta?

Gbogbo ohun tí ó wà lókè yìí ni wọ́n kọ́ jù lọ lára àwọn ènìyàn tí ibà kì í ṣe. Ní ọdún 1968, Brian Greenwood, tí ó ṣiṣẹ́ ní Ilé Ìwòsàn Yunifásítì ti Ìbàdàn, UCH, kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet pé àrùn ìgbógun-ti-ara-ẹni ṣọ̀wọ́n púpọ̀ lára àwọn ará Nàìjíríà tí wọ́n ń gbà sí ilé ìwòsàn náà, ó sì dábàá pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àwọn kòkòrò àfòmọ́, pàápàá ti ibà, ni wọ́n ń yí ètò ààbò ara padà láti ìgbà èwe. Ní ọdún 1970, òun pẹ̀lú Herrick àti Voller fi hàn pé eku tí wọ́n bí pẹ̀lú àrùn tí ó jọ lupus kì í ní i tó bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá fún un ní ibà eku. Èrò yìí ti pé ju àádọ́ta ọdún lọ, kò sì tíì sí ẹni tí ó rí i tì sápá kan.

Ibi tí ó ti kan mólékù ìlẹ̀mọ́ra ni pé sẹ́ẹ̀lì pupa tí kòkòrò ibà Plasmodium falciparum bá wọ̀ á gbé purotéènì kan jáde sójú, tí yóò fi rọ̀ mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà gbé e kọjá gba inú ọlọ inú, níbi tí wọn yóò ti pa á. ICAM-1 wà lára àwọn ohun tí ó ń dì mú, ibà náà fúnra rẹ̀ sì ń mú kí ICAM-1 pọ̀ sí i lára ògiri náà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dí báyìí nínú ọpọlọ ọmọdé, gìrì àti dídákú ni àbájáde rẹ̀. Mólékù tí ó ń gba ẹ̀ṣọ́ wọlé ni kòkòrò àrùn yìí fi ṣe ibùdó.

Bí ibà ti ń pa àwọn ọmọdé láti ìran dé ìran, kò lè ṣàìfi àmì sílẹ̀ lára jíìnì. Ní ọdún 1997, àwọn olùwádìí rí ìyípadà kan nínú ICAM-1 ní Kilifi, ní ilẹ̀ Kenya, tí ó wọ́pọ̀ ní Áfíríkà tí kò sì sí lára àwọn òyìnbó tí wọ́n yẹ̀ wò. Wọ́n retí pé kí ó dáàbò bo àwọn ọmọ lọ́wọ́ ibà tí ń mú ọpọlọ, ṣùgbọ́n lára àwọn ọmọ Kilifi, ó dà bí ẹni pé ewu ni ó ń dá kún. Ìwádìí ní Gabon ní ọdún 1999 sì tọ́ka sí òdìkejì. Ní Ìbàdàn, Amodu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìbéèrè kan náà yẹ̀ wò lára àwọn ọmọ ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nínú ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2005, wọ́n sì fi E-selectin kún un. Fún àwọn tí ó gbà pé jíìnì ni ó so ibà pọ̀ mọ́ lupus, ẹ̀rí wọn tí ó dára jù kò tilẹ̀ sí nínú mólékù ìlẹ̀mọ́ra. Inú FCGR2B ni ó wà, jíìnì kan tí ń dá sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe áńtíbọ́dì dúró, tí ìwádìí ọdún 2010 fi hàn pé ìyípadà tí ó mú un mẹ́hẹ ń dáàbò bo àwọn ọmọ Kenya lọ́wọ́ ibà, tí ó sì ń dá kún ewu lupus. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀bùn tí ibà fún àwọn baba ńlá lè di gbèsè lára ọmọ tí kò gbé níbi tí ibà wà mọ́.

Ìròyìn tí ó ti gúúsù Lọ́ńdọ́ọ̀nù wá, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, bá èyí mu. Molokhia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ní ọdún 2001 pé nínú obìnrin 100,000, àwọn tí ó ní lupus tó 110 lára àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 177 lára àwọn ará Karibíánì tí ó jẹ́ ìran Áfíríkà, àti 35 lára àwọn òyìnbó. Nítorí náà kò ṣeé sọ pé ara àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà le ju kí lupus mú un lọ. Ohun kan ní ilé ni ó ń dá a dúró, tàbí ohun kan ní ilé ni kì í jẹ́ kí wọ́n rí i.

Èrò pé wọn kì í rí i yìí ni àwọn dókítà oríkèé ní Nàìjíríà dì mú jù. Adelowo àti Oguntona ròyìn ní ọdún 2009 pé nínú aláìsàn 1,250 tí wọ́n yẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn àwọn àrùn oríkèé kan, 66 ni ó ní lupus. Níbi tí amọṣẹ́dunjú bá wà, àrùn náà á fara hàn. Ẹni tí ó wà ní Ojú Ore tí ìka ọwọ́ rẹ̀ ń wú láràárọ̀ kì í kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ amọṣẹ́dunjú. Agbo tàbí kẹ́míìsì ni ó sún mọ́ ọn. Prednisolone àti dexamethasone tí wọ́n ń tà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láìsí ìwé dókítà ń mú kí ògiri iṣan kó ICAM-1 àti E-selectin rẹ̀ nílẹ̀, sẹ́ẹ̀lì funfun á tú kúrò lára ògiri, ìwúlé á rọ, ara á fúyẹ́. Bí wọ́n bá wá gba ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún, iye sẹ́ẹ̀lì funfun tí ó ti ògiri bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ lè mú kí ilé àyẹ̀wò rò pé kòkòrò bakitéríà ni ó ń bá a jà. Lupus á ti sá pamọ́, kíndìnrín á sì máa bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀.

Àwọn kan tún ní chloroquine ni kò jẹ́ kí lupus wọ́pọ̀ ní ilé. Hydroxychloroquine, ìbátan rẹ̀, wà lára oògùn tí wọ́n ń fi tọ́jú lupus, ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà sì lo chloroquine fún ibà títí di ọdún 2005, nígbà tí ìjọba fi oògùn àpapọ̀ oní-artemisinin rọ́pò rẹ̀. Èrò náà mọ́gbọ́n wá, ṣùgbọ́n kò ṣàlàyé ohun tí ó pọ̀, nítorí pé ẹni tí ó lo chloroquine fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kò jọ ẹni tí ń lo ìbátan rẹ̀ lójoojúmọ́. Ní òdìkejì, ẹ̀rí pé eruku ilé iṣẹ́ ń dá kún àrùn náà lágbára jù ú lọ: eruku silica, tí ń jáde níbi tí wọ́n bá ti ń gé òkúta, mábù tàbí táìlì, ti di ohun tí wọ́n mọ̀ dájú pé ó ń dá kún ewu lupus, làkúrègbé olóríkèé àti scleroderma, àrùn tí ń mú awọ ara le gbagidi. Bí sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀dọ̀fóró bá gbé eruku náà mì, á tú èròjà ìwúlé síta, ICAM-1 á sì pọ̀ lára iṣan ibẹ̀. Ìlú ilé iṣẹ́ bíi Ọ̀tà, tí ibà kò tíì kúrò níbẹ̀ tí eruku sì ti dé, ni ó yẹ kí wọ́n ti tún ìbéèrè Greenwood bèèrè.

Ohun tí kò tíì yanjú

Kò tíì yéni bóyá ìyípadà ICAM-1 ti Kilifi ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú lupus, nítorí pé orí ibà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wádìí rẹ̀ gbájú mọ́. Kò tíì dájú bóyá oògùn tí ń ta Mac-1 jí yóò ṣe ènìyàn ní oore bí ó ti ṣe eku, tàbí bóyá yóò ran kòkòrò kan lọ́wọ́ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò retí, gẹ́gẹ́ bí natalizumab ti ṣe fún fáírọ́ọ̀sì JC. VCAM-1 tí ó já bọ́ sínú ìtọ̀ máa ń pọ̀ nígbà tí lupus bá wọ kíndìnrín, èyí tí ó lè gba ọ̀pọ̀ aláìsàn lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń já ẹran kíndìnrín fún àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ibà pẹ̀lú ń yí iye mólékù ìlẹ̀mọ́ra inú ẹ̀jẹ̀ padà, òṣùwọ̀n tí wọ́n bá sì gbé kalẹ̀ níbi tí ibà kò sí lè ṣini lọ́nà níbi tí ó wà. Bẹ́ẹ̀ ni ìyà ń jẹ ẹ̀kọ́ yìí ní ọ̀nà kan tí ó yani lẹ́nu: ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá Ìbàdàn wà lára àpẹẹrẹ jíìnì tí gbogbo ayé ń lò láti ìgbà iṣẹ́ HapMap, èyí tí ó ṣe àkọsílẹ̀ ìyàtọ̀ jíìnì láàrin ènìyàn, síbẹ̀ ìran Áfíríkà tí wọ́n ti wá jíìnì lupus lára wọn jù lọ jẹ́ ará Amẹ́ríkà.

Ohun èlò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sọnù pátápátá nítòsí. Ní Yunifásítì Covenant, lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò kan náà, ẹgbẹ́ olùwádìí CUBRe tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ezekiel Adebiyi dá sílẹ̀ ti ń fi kọ̀ǹpútà tú jíìnì kòkòrò ibà wò láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Kí àwọn aláṣẹ ìlera Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣí ìwé àkọsílẹ̀ kan fún gbogbo ẹni tí wọ́n bá rí lupus lára rẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ tí ó ń ṣe àti iye ìgbà tí ibà ti ṣe é, kí àwọn tí ń ta oògùn ní Sango àti Ojú Ore sì rí i pé ẹni tí oríkèé rẹ̀ ti wú ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ti ìtọ̀ kí wọ́n tó fún un ní prednisolone.